Asẹ́ Tuntun fún Omi Ẹ̀rọ: Ta Ni Yóò San Owó Pípààrọ̀ Rẹ̀?

  

Ẹ rántí pé ní ìpàdé wa tó kọjá, àwọn olóúnjẹ àti àwọn tó ń ṣe omi inú ọ̀rá láàárín wa mú àbá kan wá. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kọ ìwé sí ìjọba pé kí wọ́n tún ilé iṣẹ́ omi ìlú wa ṣe, kí wọ́n sì fi asẹ́ ìgbàlódé tí wọ́n ń pè ní mẹ́ńbíréènì sí i. Ariwo pọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn kan ní owó ló máa bá a lọ. Ilẹ̀ ṣú mọ́ wa lórí, ọ̀rọ̀ kò yanjú. Nítorí náà ni a fi rò ó pé ó yẹ kí a sọ èrò tiwa sínú ìwé ìròyìn yìí, kí oníkálukú lè rò ó dáadáa nílé kí a tó tún pàdé.

Ohun tí a rí rèé, láì fi epo bọ iyọ̀. A kò lòdì sí asẹ́ tuntun. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n bí ìwé wa bá béèrè asẹ́ nìkan, tí kò béèrè owó ìtọ́jú rẹ̀ àti owó tí wọn yóò fi pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá gbó, ó sàn kí a má kọ ọ́ rárá. Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé.

Gbogbo wa ló mọ bí ilé iṣẹ́ omi àtijọ́ ṣe ń ṣe. Wọ́n á fa omi láti inú odò tí wọ́n sé, wọ́n á da álọ́ọ̀mù sí i kí ìdọ̀tí lè ṣù pọ̀ kó sì rọ̀ sísàlẹ̀. Èyí tó bá tòrò lókè á gba inú iyanrìn kọjá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi kùlórín sí i láti pa kòkòrò tó bá ṣẹ́kù. Kì í ṣe ọ̀nà tó burú. Ilé iṣẹ́ omi Elẹ́yẹlé ní Ìbàdàn ti wà láti ọdún 1942, ti Ìjù ní Èkó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọ̀nà yìí ni àwọn baba wa fi mu omi ẹ̀rọ dàgbà. Bí álọ́ọ̀mù bá pé, tí wọ́n ń fọ iyanrìn déédéé, tí kùlórín kò sì wọ́n, omi tó mọ́ ni yóò jáde.

Asẹ́ tuntun yìí ń gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ ro ó bí okùn ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí inú rẹ̀ ṣófo, bíi sítírọ́ọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń mu mínírà, ṣùgbọ́n tó tín-ín-rín jù ú lọ púpọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún okùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dì pọ̀. Ara okùn kọ̀ọ̀kan ní ihò tí ojú kò lè rí. Bí a bá la irun orí kan sí ẹgbẹ̀rún ọ̀nà, bí ihò náà ṣe kéré tó nìyẹn. Ẹ̀rọ á ti omi, tàbí kó fà á, omi á kọjá, ìdọ̀tí àti kòkòrò àìfojúrí á dúró sẹ́yìn. Èyí tí wọ́n sábà máa ń lò fún omi odò kò lè mú iyọ̀ tó ti yọ́ sínú omi. Èyí tó ń mú iyọ̀ yàtọ̀: ihò tirẹ̀ tún kéré sí i, agbára tó ń lò sì pọ̀ jù. Òun ni wọ́n fi ń sọ omi òkun di mímu, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe omi inú ọ̀rá ń lò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Ìdọ̀tí tí kò rí ọ̀nà kọjá, ibo ló ń lọ? Ara asẹ́ náà ló ń lẹ̀ mọ́. Nítorí náà, láàárín wákàtí kan, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ da omi padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti fọ̀ ọ́. Tó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á fi oògùn fọ̀ ọ́. Wọ́n á tún máa fi afẹ́fẹ́ dán an wò bóyá okùn kan ti já nínú rẹ̀, torí bí okùn bá já, kòkòrò á gba ibẹ̀ kọjá. Gbogbo èyí, iná ló ń ṣe é, ènìyàn tó mọṣẹ́ ló sì ń ṣọ́ ọ. Lẹ́yìn ọdún bíi márùn-ún sí mẹ́wàá, bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, asẹ́ oníke náà á gbó, wọ́n á sì ra òmíràn. Iyanrìn kì í béèrè tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan lè bi wá pé, kí ló wá mú àwọn ìlú tó lówó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a? Ìdí wà. Ní Milwaukee, ìlú ńlá kan létí adágún Michigan ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹta sí oṣù kẹrin ọdún 1993, omi ẹ̀rọ ìlú kó ìgbẹ́ gbuuru bá nǹkan bí 403,000 ènìyàn. Àwọn tí ara wọn kò le tẹ́lẹ̀ kú nínú rẹ̀. Kòkòrò tó ṣe é ni wọ́n ń pè ní Cryptosporidium. Ó ní èèpo líle tí kùlórín kò lè wọ̀. Omi tó ń jáde nígbà náà kò sì tíì ré òfin ìjọba kọjá! Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìlú ti mọ̀ pé kùlórín nìkan kò tó. Irú asẹ́ tí à ń sọ yìí lè mú kòkòrò náà, torí kòkòrò náà tóbi ju ihò rẹ̀ lọ fíìfíì. Minneapolis, ìlú mìíràn ní Amẹ́ríkà, fi í sí ọ̀kan nínú ilé iṣẹ́ omi tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni Milwaukee tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí ṣe? Wọn kò ra mẹ́ńbíréènì. Wọ́n na ẹnu páìpù tó ń fa omi síwájú sí i nínú adágún, wọ́n tún ojú asẹ́ iyanrìn wọn ṣe, wọ́n sì lo gáàsì ozone tó lágbára ju kùlórín lọ láti pa kòkòrò náà. Ẹ ṣé ẹ rí i? Wọ́n kọ́kọ́ wádìí ibi tí àrùn ti wọlé, wọ́n wá wá oògùn tó bá a mu. Wọn kò sáré tọ ohun tó lókìkí jù lọ lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí àwa náà bi ara wa: níbo ni àrùn ti ń wọlé sí wa? Onígbáméjì jà ní Nàìjíríà ní ọdún 1971, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló kú. Ó tún jà ní Èkó ní ọdún 2024. Kòkòrò onígbáméjì kì í ṣe ti Milwaukee o. Kùlórín ń pa á kíákíá. Bó bá wá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó ṣì ń pa wá? Kànga tó sún mọ́ ṣáláńgá wà níbẹ̀. Omi tí a gbé sínú kẹ́ẹ̀gì tí a kò fọ̀ láti oṣù mẹ́ta wà níbẹ̀. Èyí tó kan ọ̀rọ̀ tòní jù ni páìpù. Páìpù tó ti gbó gba inú gọ́tà kọjá. Nígbà tí omi bá ń sáré nínú rẹ̀, omi ń ti ara rẹ̀ síta láti ibi tó ti lu. Ìgbà tí omi bá dáwọ́ dúró, tí inú páìpù ṣófo, ibi tó lu yẹn náà ni omi gọ́tà ń gbà wọlé. Bí omi bá yọ lọ́jọ́ kejì, òun ni ìyá olóúnjẹ á kọ́kọ́ pọn.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fi asẹ́ tó dára jù láyé sí ilé iṣẹ́ omi, tí iná kò sí kí omi máa sáré nínú páìpù tọ̀sán tòru, tí páìpù sì lu, omi mímọ́ ló máa kúrò níbẹ̀, omi gọ́tà ló máa dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó wẹ̀ tán tó tún wọ aṣọ ìdọ̀tí, kí ni ó rí wẹ̀?

Ọ̀rọ̀ asẹ́ yìí kì í ṣe àgbọ́sọ lọ́dọ̀ wa. Ojú wa ti rí i nínú ẹgbẹ́ yìí. Àwọn àgbà ọmọ ẹgbẹ́ á rántí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ yá ọ̀kan nínú wa lówó láti ra ẹ̀rọ omi inú ọ̀rá. Ènìyàn dáadáa ni, kò jẹ gbèsè rí. A béèrè iye tí ẹ̀rọ jẹ́. A béèrè iye oṣù tí yóò fi san án. A béèrè onídùúró méjì, ó mú wọn wá. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wa tó bi í pé, "Mẹ́ńbíréènì inú ẹ̀rọ yìí ńkọ́, ìgbà wo lẹ máa pààrọ̀ rẹ̀, èló sì ni?" Àwa gan-an tí à ń kọ ìwé yìí, a kò bi í. Ẹni tó ta ẹ̀rọ fún un kò sọ, òun náà kò mọ̀.

Omi kànga-dẹ̀rọ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó sì yẹ kó máa pààrọ̀ asẹ́ kékeré tó wà níwájú ẹ̀rọ déédéé. Nígbà tí ọjà dẹ̀, ó ní òun á fi sílẹ̀ di oṣù tó ń bọ̀. Ó tún ń da kùlórín sínú táńkì kí omi lè mọ́ dáadáa. Kò mọ̀ pé irú mẹ́ńbíréènì tó wà nínú ẹ̀rọ tirẹ̀ kò gbọdọ̀ fojú kan kùlórín, ńṣe ni kùlórín ń jẹ ẹ́ run. Kí ọdún tó yípo, ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́. Kò sí owó láti ra mẹ́ńbíréènì mìíràn, ẹ̀rọ dúró, gbèsè kò dúró. Àwọn onídùúró ló bá a san èyí tó kù. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyá tó ń ta ẹja gbígbẹ, owó ìfipamọ́ rẹ̀ ti ọdún méjì ló bá a lọ.

Ìyá náà wá bá wa ní ọ́fíìsì. Kò bínú. Ó jókòó, ó tú gèlè rẹ̀, ó ní, "Akọ̀wé wa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ṣé ẹ ò mọ̀ pé asẹ́ máa ń dí ni? Èmi tí mò ń sẹ́ ògì nílé, mo mọ̀ ọ́n." A kò rí èsì fún un. Títí di òní, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn wá. Owó ẹ̀rọ ni a yá ọmọ ẹgbẹ́ wa, a kò yá a ní owó tí ẹ̀rọ yóò fi pẹ́.

Ohun tí a ń bẹ̀rù nípa ti ìlú nìyẹn. Àṣìṣe kan náà ni, ó kàn tóbi jù ni. Bí ti ẹnì kan bá bàjẹ́, onídùúró méjì ló sunkún. Bí ti ìlú bá bàjẹ́, gbogbo wa ni onídùúró, torí bí ìjọba bá yáwó láti ṣe é, owó orí wa àti ti àwọn ọmọ wa ni wọ́n máa fi san án.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò ẹgbẹ́ wò ó. Ká ní asẹ́ kan jẹ́ mílíọ̀nù méje náírà, tó sì lè lo ọdún méje. Mílíọ̀nù kan náírà ló yẹ kó máa wọ àpò pípààrọ̀ lọ́dọọdún láti ọdún kìíní, ìyẹn bí 83,000 náírà lóṣù, láìtíì ka ti ọjà tó ń gbówó lórí. Ẹni tí kò bá kó o jọ, lọ́dún keje kò ní asẹ́, kò ní owó. Bẹ́ẹ̀ àpótí tó gbé asẹ́ náà dúró sí á ṣì wà níbẹ̀, á máa dán. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Àwọn tó ń ṣe é dáadáa wà. Ẹ wo Singapore, ìlú kékeré tí omi jẹ́ ohun ìnira fún. Ọdún 1981 ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ omi wọn tó wà ní Choa Chu Kang. Asẹ́ oníke ni wọ́n ń lò ní apá kan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2019 wọ́n parí àtúnṣe tó fi irú asẹ́ mìíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tí wọ́n sun nínú iná bí a ṣe ń sun àmù. Ó ń sẹ́ omi tó tó 180,000 kúbíkì mítà lóòjọ́, ìyẹn bíi 40 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù. Ó wọ́n ju oníke lọ nígbà tí a bá ń rà á, ṣùgbọ́n ó lè lo bí ogún ọdún. Kí ló jẹ́ kí wọ́n lè yan èyí tó wọ́n? Wọ́n ti ka iye ọdún tí asẹ́ àkọ́kọ́ lè lò, wọ́n sì ti mọ iye tí pípààrọ̀ rẹ̀ ń ná wọn. Mítà wà nílé oníkálukú, aráàlú ń san owó omi. Omi tó ń jò dànù nínú páìpù wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Omi ti ń yọ lọ́sàn-án lóru ní Singapore kí wọ́n tó máa ronú àti fi asẹ́ kan rọ́pò èkejì.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Akọ̀wé, ṣé torí pé a jẹ́ tálákà, ká má fẹ́ ohun tó dára? Ṣé omi tí àwọn ará Singapore ń mu kò yẹ wá ni?" Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, a kò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ó yẹ wá. Ọmọ wa kò kéré sí ọmọ ẹnikẹ́ni. Àwọn mìíràn á ní tí a bá ní kí gbogbo nǹkan pé kí a tó béèrè, a ò ní béèrè nǹkan kan láéláé. Òótọ́ ni ìyẹn pẹ̀lú. Bákan náà, odò tí à ń fa omi rẹ̀ kò mọ́ bíi ti àtijọ́ mọ́. Ilé ti kọ́ dé etí rẹ̀, wọ́n ń da ìdọ̀tí sí i. Ọjọ́ lè dé tí iyanrìn àti kùlórín kò ní ká a mọ́ ní tòótọ́. Nítorí náà kì í ṣe pé kí a má béèrè. Ẹ jẹ́ kí a béèrè bí ọlọ́jà tó mọ ìṣirò ni, kì í ṣe bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi nǹkan dídán tàn jẹ.

Àbá wa rèé. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ kọ ìwé, kí ó béèrè nǹkan mẹ́rin, kí ó sì tò wọ́n báyìí:

Èkínní, kí wọ́n yẹ omi odò wò àti omi tó ń yọ ní ẹnu ẹ̀rọ wa, ní àsìkò òjò àti ní ọ̀gbẹlẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún wa ohun tí wọ́n rí. Bí omi bá mọ́ ní ilé iṣẹ́, tó sì dọ̀tí lọ́dọ̀ wa, a ti mọ̀ pé páìpù ni.

Èkejì, kí wọ́n tún páìpù tó gba inú gọ́tà ṣe, kí wọ́n sì wá iná tí yóò mú omi máa sáré. Kí álọ́ọ̀mù àti kùlórín má ṣe wọ́n ní ilé iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ yìí.

Ẹ̀kẹta, bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé asẹ́ tuntun tọ́ sí wa, kí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n kí àpò owó pípààrọ̀ rẹ̀ wà lọ́tọ̀ láti ọjọ́ kìíní, kí ẹnikẹ́ni má lè fi ná nǹkan mìíràn, kí wọ́n sì máa ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún aráàlú lọ́dọọdún, bí akápò wa ṣe ń kà á fún wa ní ìpàdé ọlọ́dọọdún.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ wa níṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ àti bí wọ́n ṣe ń dán an wò, kó má jẹ́ pé bí àwọn tó wá gbé e kalẹ̀ bá ti padà lọ, ọgbọ́n rẹ̀ bá wọn lọ.

Àwa náà ní tiwa láti ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí omi ẹ̀rọ ń yọ sílé rẹ̀ kó san owó omi, kó gba rìsíìtì. A kò lè máa béèrè ìṣirò owó tí a kò san. Ẹni tó bá rí páìpù tó ń jò, kó lọ sọ, kó má ṣe gbé kẹ́ẹ̀gì sí i kó máa pọn ọ́n.

Níkẹyìn, a fẹ́ kí ẹgbẹ́ fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yáwó ra ẹ̀rọ, ìbáà jẹ́ ti omi, ti ata lílọ̀ tàbí jẹnẹrétọ̀, kó kọ ohun tí yóò máa pààrọ̀ nínú rẹ̀ síbẹ̀, ìgbà tí yóò máa pààrọ̀ rẹ̀ àti iye owó rẹ̀, kí a sì máa yọ owó náà pamọ́ fún un lóṣooṣù pẹ̀lú owó tó ń san. Bí ìlà yìí bá ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, owó ìyá ẹlẹ́ja yẹn kì bá tí lọ. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí a bá ṣe é nínú ẹgbẹ́ tiwa, a óò ní ẹnu láti sọ pé kí ìjọba náà ṣe é.

Ẹ mú èrò yín wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, yálà ó bá tiwa mu tàbí kò bá a mu. Ẹ tètè dé o, kí ilẹ̀ má tún ṣú mọ́ wa lórí.

Àwa ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́